Ọwọ́ Gééjì Tó Wálẹ̀: Ìtàn Gééjì Omi Ọkọ̀ àti Àwa Ará Òkè Jos

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni, kí ẹ wá fò ó kọjá. Ìtàn tiwa ni. Àwa tí ibi tí a ti ń jẹun jìnnà sí ibi tí wọ́n ti sin ìwọ́ wa, ojú títì ló so wá pọ̀ mọ́ ilé. Òun là ń gbà lọ síbi ìgbéyàwó, òun là ń gbà lọ sin òkú wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ọ̀rọ̀ kan tí púpọ̀ nínú wa kò fẹ́ máa rántí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a háyà bọ́ọ̀sì kan láti lọ síbi ìsìnkú ìyá ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa. A gbéra ní Jos kí ilẹ̀ tó mọ́. A sọ̀kalẹ̀ ní Hawan Kibo, a kọjá Akwanga àti Keffi, kò sí wàhálà. Ìgbà tí a kọjá Abaji tí oòrùn ti mú gan-an ni ọwọ́ gééjì omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Dírẹ́bà rí i, ó ní ojú ọ̀nà Lokoja ti gbóná jù ni, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ gééjì kan ṣàdédé já wálẹ̀, wẹ́rẹ́, ó lọ sùn sí apá ibi tútù. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ wò ó, ó ti tutù.” Gbogbo wa dúpẹ́.

Bàbá kan wà lẹ́yìn tó jẹ́ dírẹ́bà 504 fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọn kò rí gééjì níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n kàn gbọ́ ohun tí dírẹ́bà sọ ni. Wọ́n pariwo: “Ọmọ mi, dúró! Pa á! Omi ti tán nínú ẹ́ńjìnnì yẹn!” A ní kí bàbá fara balẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í lù kọ̀ǹkọ̀ǹkọ̀ǹ, ó sì gan pa. A kò rí ọkọ̀ mìíràn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ ohun tí à ń gbàdúrà sí níbẹ̀ tí alẹ́ bá lẹ́. Àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé wà pẹ̀lú wa. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a máa fi délé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti bo sàréè. Àgbà wa tó ni òkú kò rí ojú ìyá rẹ̀ kẹ́yìn, kò sì bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Títí di òní, tí a bá dárúkọ ìrìn àjò yẹn, wọ́n máa ń dákẹ́ ni.

Báwo ni bàbá tí kò rí gééjì ṣe mọ̀, tí ẹni tó ń wo gééjì kò mọ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.

Kí gééjì tó dé

Nígbà tí àwọn bàbá bàbá wa ń bọ̀ lókè yìí, ọkọ̀ ojú irin ló gbé púpọ̀ nínú wọn. Irin Èkó dé Kano ní nǹkan bí ọdún 1912, wọ́n sì ṣe irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Zaria wá sí Bukuru nítorí tánganran tí wọ́n ń wà nílẹ̀ níbí. Àwọn èèyàn wa tẹ̀ lé irin wá: oníṣòwò aṣọ, alájàpá, télọ̀, akọ̀wé. Ọkọ̀ ilẹ̀ wá tẹ̀ lé irin. 

Àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn kò ní ohun tó ń sọ fún awakọ̀ bí omi ṣe gbóná tó. Ẹ mú Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní wọ́tà pọ́ǹpù rárá. Omi gbígbóná ló ń gòkè fúnra rẹ̀ lọ sínú rédíétọ̀, èyí tó bá tutù á sọ̀ kalẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì, bí omi ìkòkò ṣe ń yí lórí iná. Ìgbà tí awakọ̀ bá rí èéfín tó ń rú jáde níwájú ló tó mọ̀ pé ọkọ̀ ti ń hó.

Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Harrison Boyce gbé ohun kan jáde tí wọ́n pè ní MotoMeter. Ìwọ̀n ìgbóná ni, irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń fi sí abíyá ọmọ, ṣùgbọ́n orí ìdérí rédíétọ̀ ni wọ́n dè é mọ́, níta gbangba, níwájú pátápátá. Awakọ̀ á máa wò ó láti inú gíláàsì. Bí omi pupa inú rẹ̀ bá ti ń gòkè, ó yá, kí ó dúró.

Nǹkan kan wà nípa MotoMeter yìí tí ó yẹ ká fi sọ́kàn, torí òun ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Kì í ṣe omi gan-an ló ń wọ̀n. Orí omi ló dúró sí, ó ń wọ̀n ìgbóná atẹ́gùn àti oruku omi tó wà lókè rédíétọ̀. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti wà láàárín bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná àti ohun tí gééjì sọ. Gééjì kì í wọ̀n ẹ́ńjìnnì. Ohun tó bá kan orí rẹ̀ nìkan ló ń wọ̀n. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, gééjì á tàn án jẹ.

Gééjì wọlé sínú dáṣíbọ́ọ̀dù

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé gééjì wọ inú ọkọ̀. Oríṣi méjì làwọn bàbá wa bá pàdé.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò lo iná mànàmáná. Kóòtù kékeré kan wà nínú omi ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn so ó mọ́ gééjì. Oògùn olómi kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fẹ̀ tó bá gbóná, á sì ti ọwọ́ gééjì. Àwọn tó wa lọ́rì àtijọ́ mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí páìpù yẹn bá ṣẹ́ tàbí tó lu, ó parí. Ọwọ́ gééjì á lọ sílẹ̀, kò sì ní gòkè mọ́ láéláé, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń jó.

Èkejì ni èyí tó ń lo iná bátìrì, òun ló pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tí a mọ̀. Nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n dè mọ́ ẹ́ńjìnnì tí ẹnu rẹ̀ wà nínú omi. Àwọn rẹ́wáyà máa ń pè é ní sẹ́ńsọ̀. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ó ń jẹ́ kí iná púpọ̀ sí i kọjá, iná yẹn ló ń gbé ọwọ́ gééjì sókè. Kò kánjú. Tí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ rẹ̀ á rọra gòkè ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Tí ẹ bá ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí, àdììtú púpọ̀ ti tú nìyẹn. Nínú irú gééjì oníná tó wọ́pọ̀ yìí, bí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já, kò sí iná tó ń kọjá, ọwọ́ gééjì á sùn sí ibi tútù. Bí wáyà náà bá bó, tí ara rẹ̀ kan irin ọkọ̀, iná á kọjá ní àkọjù, ọwọ́ gééjì á ta sókè dé ibi pupa, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ tutù bí omi àmù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, gééjì omi àti gééjì epo jọ ń mu iná láti orísun kan náà. Bí ẹ bá rí i tí àwọn méjèèjì jọ gòkè sódì lẹ́ẹ̀kan náà, tí táǹkì epo tí kò kún ń sọ pé òun kún, orísun iná yẹn ni kí rẹ́wáyà yẹ̀ wò. Ẹ má tíì na ọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì.

Ọdún 504

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì ojú títì, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ àti ilé iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí ìwé láti máa to ọkọ̀ ní Kaduna. Ilé iṣẹ́ náà, PAN, ṣí ní 1975. Ọdún kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé Beetle, tí gbogbo wa mọ̀ sí ìjàpá, kò lo omi rárá. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kò sì ní gééjì omi. Ẹni tó bá kọ́ ọkọ̀ wíwà lórí ìjàpá, tó wá bọ́ sórí Peugeot, ó ní láti kọ́ ojú wíwò tuntun.

Peugeot 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ó di ọkọ̀ dókítà, ó sì di ọkọ̀ gáréèjì. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta, òun ló ń gbé wa láti Jos lọ sí Kaduna, láti Kaduna gba Tegina àti Mokwa lọ sí Jebba, kí a tó dé Ìlọrin kí ara tó rọ̀ wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wà á nínú gáréèjì wa jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, àti Ìlọrin. Àwọn ló di ọ̀jọ̀gbọ́n gééjì omi.

Kí nìdí tí wọ́n fi ní láti mọ̀ ọ́n? Nítorí ibi tí a ń gbé ni. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ. Omi tó wà ní gbangba níbí kì í dúró de 100 dígírì kó tó hó. Nǹkan bí 96 ló ti ń hó. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń se ẹ̀wà mọ̀ pé ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná ní Jos ju Ìbàdàn lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí omi rédíétọ̀ náà ṣe rí nìyẹn, àfi tí ìdérí rẹ̀ bá dára. Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán. Ó ní sípíríǹgì àti rọ́bà tó ń sé agbára mọ́nú, agbára yẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó títí yóò fi kọjá 100, àní tó bá dára tó, á lé ní 115. Bí rọ́bà ìdérí bá ti gé, omi á máa hó ní 96 lórí òkè yìí, ẹ ó sì rò pé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Ohun olówó pọ́ọ́kú ló ń fa wàhálà olówó ńlá.

Èkejì, òkè gígùn. Hawan Kibo wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti Akwanga. “Hawan” tí àwọn Hausa ń wí, gígun òkè náà ni. Ọkọ̀ kún fọ́fọ́, ẹrù wà lórí, jíà kejì ni, eré kò sí, atẹ́gùn tó ń wọ rédíétọ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ. Ibẹ̀ ni gééjì ti ń sọ òótọ́ ẹ́ńjìnnì.

Bí àwọn àgbà ṣe ń kà á

A jókòó ti bàbá wa dírẹ́bà yẹn lẹ́yìn ìrìn àjò burúkú náà, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ wa. Ohun tí wọ́n sọ nìyí, a sì ti bi àwọn mẹkáníìkì wa méjì léèrè, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Wọ́n ní ohun àkọ́kọ́ ni kí o mọ ibi tí ọwọ́ gééjì ọkọ̀ rẹ máa ń jókòó sí nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ọkọ̀ kan á jókòó sí ìdajì gẹ́lẹ́, òmíràn á jókòó sí ìsàlẹ̀ ìdajì díẹ̀. Kò sí èyí tó burú. Èyí tó burú ni kó kúrò níbi tó ti ń jókòó láìsí ìdí. “Gééjì dà bí ọmọ rẹ,” bàbá wí. “O mọ bó ṣe máa ń ṣe. Tó bá ṣe ohun tí kì í ṣe, bi í léèrè.”

Ohun kejì ni pé kí o wo ìgbà tó gòkè, má wo pé ó gòkè nìkan. Bó bá jẹ́ inú gòsílò ló ti ń gòkè, tó sì ń wálẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti sáré díẹ̀, fáànù ni kí o fura sí, torí eré ọkọ̀ ló ń bá a ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe. Peugeot 504 àti 404 tó ṣíwájú rẹ̀ ní fáànù tí kì í yí ní gbogbo ìgbà. Iná ló ń so ó pọ̀ nígbà tí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan. Bí sùíìṣì rẹ̀ bá kú, fáànù á máa ṣeré lásán. Bó bá jẹ́ lórí eré ló ti ń gòkè, tó sì tutù nínú ìlú, rédíétọ̀ ti dí nínú tàbí kí pàǹtí ti dí i níta. Bó bá jẹ́ orí òkè nìkan, tó sì wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti dé òkè tán, ìyẹn kò ju bó ṣe yẹ lọ, àfi tó bá dé etí pupa. Bó bá ń gòkè níbi gbogbo, ẹ wo omi, ẹ wo bẹ́líìtì, ẹ wo wọ́tà pọ́ǹpù.

Ohun kẹta ni èyí tó sọ wá di aláìrí-òkú. Bí gééjì bá ti gòkè gan-an, tó wá ṣàdédé wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ dẹ ẹsẹ̀ tàbí pé ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ọkọ̀ kò tutù. Omi ló ti lọ sílẹ̀ kọjá ibi tí ẹnu sẹ́ńsọ̀ wà. Atẹ́gùn ló wá wà níbẹ̀, atẹ́gùn kì í sì gbé ooru bí omi ṣe ń gbé e. Sẹ́ńsọ̀ tutù, gééjì wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin ẹ́ńjìnnì ń pọ́n lọ. Ìdí tí bàbá fi mọ̀ láìwò ó nìyẹn. Wọ́n gbọ́ pé ó gòkè, wọ́n gbọ́ pé ó wálẹ̀ lójijì, wọ́n sì mọ̀ pé ọkọ̀ tó kún, lójú oòrùn Lokoja, kò lè tutù lójijì bẹ́ẹ̀. MotoMeter ayé àtijọ́ náà ní àléébù yìí. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá, àléébù náà kò tíì lọ.

Ohun kẹrin, wọ́n ní kí a má gbára lé ojú nìkan. Òórùn dídùn bíi ti ṣúgà tó ń jóná, òógùn tó yọ lára họ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì tó ń lù nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ ṣàdédé dín kù: gbogbo ìwọ̀nyí ni gééjì tí wáyà kò lè já.

Bí a ṣe ba ojú ara wa jẹ́

Ní 1986 ni ètò SAP dé. Owó náírà ṣubú, ọkọ̀ tuntun di ohun tí ẹnu kò lè kà. Ẹni tó ní 504 kò lè rà á ní tuntun mọ́, ó ní láti máa tún èyí tó ní ṣe ni. Tọ̀kunbọ̀ gba ojú títì. Ìgbà yẹn ni àṣà kan wọlé sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa, a kò dá wọn lẹ́bi pátápátá, torí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti di wúrà: bí ọkọ̀ bá ti gbóná, thermostat ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ dànù.

Thermostat ni ilẹ̀kùn kékeré tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á tì í, kí ara ẹ́ńjìnnì lè tètè yá. Bí omi bá dé nǹkan bí 80 sí 90 dígírì, á ṣí i. Wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Àwa ará Jos mọ̀ pé irọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, tí òtútù ń gé wa létí, ọkọ̀ tí kò ní thermostat lè rìn títí dé Bukuru kí ara rẹ̀ tó yá. Á máa jẹ epo, á máa jẹ ara rẹ̀. 

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni pé yíyọ thermostat ba gééjì jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn yẹn wà, ọwọ́ gééjì ní ibi tó ń jókòó sí, Jos àti Lokoja kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí wọ́n yọ ọ́, gééjì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri: á wà nísàlẹ̀ ní Jos, á gòkè ní Lokoja, á wálẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Àwọn dírẹ́bà tó kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn kò mọ gééjì tó jókòó jẹ́ẹ́. Lójú tiwọn, kí ó gòkè kí ó sì wálẹ̀ kò túmọ̀ sí nǹkan. Ọmọkùnrin tó gbé wa lọ́jọ́ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ọkọ̀ tí a ti bà jẹ́ kọ́ ọ ló mọ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Rédíétọ̀ tó dí ni àìsàn, a lọ yọ ilẹ̀kùn.

Ọkọ̀ òde òní náà ní tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n ti ṣe gééjì kí ó máa dúró sí àárín gbungbun, bí omi bá tilẹ̀ ti gòkè díẹ̀ tàbí tó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí onímọ́tò má baà máa bẹ̀rù. Ìgbà tí yóò bá fi kúrò láàárín, ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní gééjì, iná búlúù àti iná pupa nìkan ni. Nítorí náà, ẹ má fi ìwà gééjì tuntun ka ti 504 bàbá yín, ẹ má sì fi ti 504 ka ti tuntun.

Tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà

Kí a tó dákẹ́, ohun tí bàbá ní kí a fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ nìyí.

Bí gééjì bá ń sún mọ́ pupa lórí òkè, ẹ pa ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù, ẹ ṣí wíńdò, ẹ tan ẹ̀rọ tó ń gbé ooru wọ inú ọkọ̀ sí òkè pátápátá. Ẹ ó làágùn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré kejì ni. Ó ń gba ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bó bá dé pupa, ẹ wá ibi tó dáa, ẹ dúró, ẹ pa á. Bó bá wálẹ̀ lójijì lẹ́yìn tó gòkè, ẹ má wá ibi tó dáa jù, ẹ kúrò lójú títì, kí ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Agbára tí a sọ pé ó ń sé mọ́nú yẹn, ojú yín àti àyà yín ló máa tú u sí. A mọ ọmọ mọ́tò tí àpá rẹ̀ kò tíì lọ títí dòní. Ẹ dúró tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí tí ẹ ó fi lè fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè kó rọ̀. Kí ẹ wá fi aṣọ dì í mú, kí ẹ rọra ṣí i. Ẹ má sì da omi tútù láti inú kẹ́ẹ̀gì lu ẹ́ńjìnnì tó ń pọ́n. Irin gbígbóná tí omi tútù bá bà lójijì lè sán tàbí kó wọ́. Bó bá wọ́, tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á funfun bí ẹ̀kọ mímu, èéfín funfun á máa rú lẹ́yìn, omi rédíétọ̀ á máa hó pùkùpùkù ní kété tí ẹ bá ti tan ọkọ̀. Ẹ má wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn àjò, ì báà jẹ́ ọ̀la ni òkú fẹ́ wọlẹ̀.

Láti ọdún tí a wí yìí, ẹgbẹ́ wa kì í háyà ọkọ̀ kankan láìjẹ́ pé ẹnìkan nínú wa ti wo omi rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀, àti ìdérí rédíétọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ jókòó níwájú tó mọ gééjì kà. Bàbá wa dírẹ́bà kò lè ríran dáadáa mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ rìn, a ṣì máa ń mú wọn dání. Ẹ̀yìn dírẹ́bà gan-an la ń fi wọ́n sí. Ẹni tó wà níwájú á máa pe ohun tó rí fún wọn: “Bàbá, ó wà ní ìdajì.” Wọ́n á ní, “Ó dáa, ẹ máa lọ.” Ní ìrìn àjò tó kẹ́yìn, àgbà wa tó pàdánù ojú ìyá wọn ló jókòó níwájú, àwọn ló ń pe gééjì láti Jos títí dé Ìlọrin. Wọn kò sùn.

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín wa 404, 504 tàbí lọ́rì lókè ọya yìí, ẹ lọ jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ẹ bi wọ́n léèrè. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò sí nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá.